Ọmọ Ajá Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Onílé

Ní ọdún tí ìyá mi lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, bàbá mi gbé ọmọ ajá kan wálé láti Ìkòyí. Kúùkù ni bàbá mi nígbà náà, ó ń dáná fún òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀. Ajá wọn bímọ, wọ́n sì fún un ní ọ̀kan. Inú apẹ̀rẹ̀ ló gbé e sí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú okùn awọ kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń mú ajá rìn. Etí òsì ọmọ ajá náà dúró, ti ọ̀tún tẹ̀.

Èmi nìkan ni àwọn òbí mi bí. Bàbá mi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kì í sì í dé títí oòrùn á fi wọ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ, ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní sọ ju "ẹ káàsán" lọ láti ìgbà tí mo bá ti ilé ìwé dé títí bàbá mi á fi wọlé. Nígbà tí ọmọ ajá yìí dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo máa ń ka ìwé fún un. Ó máa ń sùn kí n tó ka ojú ìwé kan tán.

Ṣómólú ni a ń gbé, nínú ilé mùsùlùmí àgbàlagbà kan tó ń ránṣọ. Bàbá Onílé ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá tiẹ̀ ló wà níwájú, tiwa ló wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ àwọn oníbàárà ti gba yàrá rẹ̀, nítorí náà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀, ló máa ń tẹ́ awọ àgbò tó fi ń kírun sí. Kò sí ibòmíràn tí a lè gbà jáde. Ẹ̀yìnkùlé wà, ṣùgbọ́n ògiri yí i ká, adìẹ Bàbá ló sì wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí ajá dé, Bàbá Onílé pe bàbá mi.

"N kò kórìíra ajá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀. Bí mo bá ti ṣe àlùwàlá tán, tí ajá fi imú tútù kàn mí, mo ní láti tún un ṣe. Orúnkún mi yìí kò gba kí n lọ sídìí kànga lẹ́ẹ̀mejì mọ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ó máa fi okùn mú un."

"Ẹ fi okùn mú un. Ọjọ́ tó bá fara kàn mí lórí ìrun, ẹ wá ilé míì fún un."

Bàbá mi gbà. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan, káfíńtà, ní àdúgbò Pedro, tó ti sọ pé òun fẹ́ ajá. Lójú mi lọ́jọ́ náà, Pedro jìnnà ju Ìjẹ̀bú lọ.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá. Mo bi bàbá mi bí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ṣe ń ṣe é.

"Ó kàn ń rìn ni. Ajá á máa bá a rìn."

"Kì í fà á?"

"N kò mọ̀. Ilé ìdáná ni mo máa ń wà."

Ewúrẹ́ nìkan ni mo ti rí tí wọ́n fi okùn fà, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń fa ewúrẹ́ ni mo fà á: mo gbé okùn lé èjìká, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ. Ọmọ ajá jókòó, ó ń fi ìdí wọ́ lórí iyanrìn, ó ń ké. Nígbà tó wá gbà láti rìn, iwájú ló sáré sí, ó fà mí wọ gọ́tà. Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí wa máa ń dúró dè wá.

"Ọmọ yìí, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń mú ẹnì kejì rìn?"

"Èmi ni, sà."

"Sọ fún ajá. Kò tíì gbọ́."

Ìyá Ẹlẹ́ja ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, láìmọ̀. Obìnrin láti etí òkun Oǹdó ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ó sì máa ń lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ní etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ní Sátidé kan, ó ní kí n bá òun lọ, kí n mú ajá mi dání, kó lè bá òun fa ẹrù, nígbà tó mọ nǹkan fà.

Kò sí ẹni tí Ìyá Ẹlẹ́ja kò mọ̀ láàrin Ṣómólú sí Bàrígà. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ara. Bó bá ti dúró, èmi náà á dúró, màá kúnlẹ̀ kí àgbà náà, màá sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n á fi ní kí n dìde. Ọmọ ajá á fa okùn, kò ní rí ibi kankan lọ. Á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé ojú mi ti sọ̀kalẹ̀ wá bá tiẹ̀. Á padà wá, á jókòó tì mí, á lá mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Okùn á dẹ̀. Bí a bá dìde, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń rìn fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí pé òun fẹ́ sáré. Kí a tó dé etí ọ̀sà, ìgbà díẹ̀ náà ti ń gùn sí i.

"Wò ó," ni Ìyá Ẹlẹ́ja wí, "ó ti ń rìn bí ọmọ ènìyàn. Àbí ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn. Bó bá fà, mo dúró, mo kúnlẹ̀. Bó bá padà, mo fún un ní orí ẹja gbígbẹ, a tún ń lọ. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a ti ń rìn dé títì Ìkòròdú láìfa okùn. Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ wò wá títí a fi kọjá, ó ní, "Ó ti gbọ́." Bàbá Onílé náà kì í káṣọ mọ́ra mọ́ bí a bá ń kọjá.

Ohun tí mo ti kọ́ ajá ni pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ ń pè é ni. N kò rò ó dé ibẹ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń kúnlẹ̀ nínú ilé wa.

Ní ọjọ́ kan, a ti ìta dé ní àsìkò ìrun alásárì. Bàbá wà lórí awọ àgbò rẹ̀, ó wà lórí ìdúró. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè parí. Bàbá tẹ̀ ba, ó nàró, ó wá kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Okùn ti yọ lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Ajá kò sáré. Ó rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó jókòó ti Bàbá, ó sì lá a létí.

Bàbá kò dá ìrun dúró. Ó kí i parí, ajá ń retí orí ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sálámà sí ọ̀tún, ó sálámà sí òsì, níbi tí ajá wà, àwọn méjèèjì sì wo ojú ara wọn.

Mo ti ń sunkún. Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, ajá sì fi í sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Bàbá wò wá.

"Dìde," ló wí. Mo dìde. Ajá náà dìde.

"Kúnlẹ̀." Mo kúnlẹ̀. Ajá jókòó.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Bí mo bá ń kí àwọn àgbà lójú ọ̀nà ni."

Ó fi etí aṣọ nu etí ara rẹ̀.

"Kì í ṣe aláìgbọràn, nígbà náà. Ohun tí o kọ́ ọ ló ṣe. Lọ pọn omi sínú bútà yìí fún mi." Nígbà tí mo gbé e dé, ó ní, "Láti òní lọ, bí ajá bá wà lọ́wọ́ rẹ, má kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Dúró kí wa, kó lè gbàgbé. Bó bá gbàgbé, kò ní lọ sí Pedro."

"Kí n dúró kí yín, Bàbá?"

"Dúró."

N kò dúró kí àgbà rí láyé mi. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, orúnkún mi ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní àdúgbò, wọ́n ní ọmọ kúùkù ti di òyìnbó. Obìnrin kan ní okùn ajá ti mú kí orúnkún mi gan. Ìyá Ẹlẹ́ja ló ń bá mi dá wọn lóhùn. Dípò ìkúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ lu itan mi kí ajá lè padà sọ́dọ̀ mi. Díẹ̀díẹ̀, bí Bàbá bá forí kanlẹ̀, ajá á gbé orí, á wo ojú mi, á sì dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ìyá mi ti Ìjẹ̀bú dé. Ó bá mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo nàró gangan níwájú Bàbá Onílé, mo ń sọ pé, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá." Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ṣé ohun tí mo fi ọ́ sílẹ̀ fún nìyí? Ò ń nàró kí àgbà?" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní èjìká mi, ó ń tẹ̀ mí sílẹ̀.

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo ní kó dúró. Bí o bá mú un kúnlẹ̀, èmi ni màá padà sídìí kànga."

Ojú ti ìyá mi. Kò yé e, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó ń tọrọ gáfárà. Kò tíì sí ẹni tó kúnlẹ̀ tó sún mọ́ ajá tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó lá Bàbá létí. Ajá wò ó, ìrù rẹ̀ ń mì. Bàbá kò wo ìyá mi rárá, okùn ọwọ́ mi ló ń wò. Mo fi ọwọ́ lu itan mi lẹ́ẹ̀kan. Ajá wò mí, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Okùn náà dẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀.

"Dìde, Ìyàwó, káàbọ̀," ni Bàbá wí. "Ajá ilé wa nìyẹn."