Àkọlé tó Pòórá Lójú Kọ̀ǹpútà

Ní gbogbo Ìyànà Ìbà, ọwọ́ ta ló yá tó ti Mọ́nsúrátù nídìí iṣẹ́ táípù? Taipuráítà ló fi kọ́ṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan, tó gbé kọ̀ǹpútà wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn létí géètì yunifásítì. Lẹ́tà aláwọ̀ ewé nìkan ló máa ń hàn lójú kọ̀ǹpútà náà, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1993 ni ojú kọ̀ǹpútà náà kú, ọ̀gá bá lọ ra ojú mìíràn ní ọjà Alábà, èyí tó ń gbé oríṣiríṣi àwọ̀ jáde.

Iṣẹ́ Dókítà Olúwọlé, olùkọ́ yunifásítì kan, ló wà lọ́wọ́ Mọ́nsúrátù. Ó tẹ àkọlé, ó fa ìlà sí i lábẹ́, àkọlé bá pòórá. Búlúù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Ó nu ojú ara rẹ̀, ó tún un tẹ̀. Kò hàn. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kù funfun báláú!

Àbí ojú òun ló ti fẹ́ máa fọ́? Ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tọ̀-Àwórì kò tíì darúgbó tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bí nǹkan ṣe ń sá mọ́ ọn lójú díẹ̀díẹ̀ náà nìyẹn, títí ó fi di ẹni à ń fà lọ́wọ́ jáde. Mọ́nsúrátù tún àkọlé náà tẹ̀ léraléra. Ó tẹ ìyókù, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde sórí bébà.

"Mọ́nsúrá, ṣé ara rẹ yá?" Dókítà Olúwọlé bi í. "Àkọlé kan náà ló tò sílẹ̀ rẹrẹẹrẹ yìí!"

"Ẹ má bínú, sà. N kò rí wọn ni."

Ṣùgbọ́n ó ń rí wọn lórí bébà kedere. Irú ojú wo lèyí?

Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Dèjì tó ta ojú kọ̀ǹpútà náà fún wọn. Dèjì ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan àwọ̀.

"Áńtí, ẹ wò ó. Búlúù ni ilẹ̀ rẹ̀, búlúù náà ni wọ́n fún ọ̀rọ̀ tó bá ní ìlà lábẹ́. Báwo lẹ ṣe máa rí i?" Ó yí i sí yẹ́lò, gbogbo àkọlé bá hàn gbangba.

"Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀?" ni Mọ́nsúrátù bi í.

"Ibẹ̀ náà ni."

"Yẹ́lò ló máa wá jáde lórí bébà?"

"Rárá o. Dúdú ni."

Kò yé e. Àwọ̀ tí kò dé orí bébà, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ṣùgbọ́n ojú òun kò fọ́; omi ayọ̀ ṣáà ń dà lójú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń wo ara wọn: ta ló ń torí yẹ́lò sunkún?

Bó ṣe ṣíwọ́, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà lọ, ó sì rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kò sì hàn?" ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ta ló wá fi í pamọ́?"

Mọ́nsúrátù sún mọ́ ọn. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀.