Kánúlà Ẹsẹ̀ Ajá Mi

Ajá mi kì í ṣe ajá lásán. Ó ti lé ọkọ̀ Máíkírà kan láti Agbowó dé Ìwó Road rí, ó sì débẹ̀ ṣáájú ọkọ̀ náà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ajá náà léèrè. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó bì fún ọjọ́ méjì gbáko, kò jẹ, kò mu, imú rẹ̀ gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo gbé e lé èjìká, ó di ilé ìwòsàn ẹran ní Ring Road.

Obìnrin ni dókítà ibẹ̀, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Ó ní omi ti tán lára ajá, pé tí òun kò bá tètè fa omi sí i lára, kò ní rí ọ̀la. Ó mú kánúlà jáde, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí omi dírípù lè máa gbabẹ̀ wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ ajá, ó gbé aláwọ̀ píǹkì sílẹ̀, ó mú búlúù tó kéré jù ú lọ.

Ara fu mí. Ajá ńlá, ike kékeré?

“Bàbá, iṣan rẹ̀ ti rọ̀. Èyí tó bá iṣan mu là ń lò. Tí mo bá ti èyí tó tóbi bọ̀ ọ́, ó máa bẹ́.”

“Àbí ẹ ń tọ́jú èyí tó tóbi pamọ́ fún ajá àwọn ará Bódìjà?”

“Iṣan ni mò ń wò, Bàbá, mi ò wo àdúgbò.”

Ó fá irun ẹsẹ̀ iwájú, ó fi sípíríìtì nù ún, ó ti kánúlà bọ̀ ọ́, ó fi pílásítà wé e. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé tí ìka ẹsẹ̀ ajá bá ń wú, kí n pe òun. Ló bá lọ wo ológbò kan.

Mo jókòó ti ajá mi. Lójú tèmi, ẹsẹ̀ yẹn ti ń wú. Ní ilé wa ní Òkè-Ògùn, ohun tó bá wú, òrí la fi ń pa á. Ìyá mi fi pa orúnkún bàbá mi lálẹ́, nígbà tó di àárọ̀, bàbá ti wà lórí ọ̀pẹ. Agolo òrí kì í kúrò lápò mi. Mo ṣí etí pílásítà, mo fi òrí pa abẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ padà bí olè tó pa ilẹ̀kùn onílé dé.

Kò pẹ́ tí pílásítà fi ń yọ̀. Ajá na ẹsẹ̀, ike sún jáde, omi ń gba abẹ́ awọ lọ. Ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ wá wú lóòótọ́.

“Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ni mo wí fún dókítà. “Ike kékeré.”

Ó tú pílásítà, ó fi ìka ra ìka, ó gbóòórùn wọn.

“Bàbá, ta ló fi òrí pa á?”

“Ara rẹ̀ ni òrí náà ti ń sun jáde. Bí ìran wọn ṣe rí nìyẹn.”

“Ṣé ìran wọn náà ló da òrí sí àpò yín?”

Mo wo àpò mi. Òrí ti yọ́ jáde.

“Ẹsẹ̀ kan ló kù níwájú,” ló wí jẹ́jẹ́. “Tí mi ò bá rí iṣan níbẹ̀, ajá yìí lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.”

Ó wá iṣan títí, èmi ni mo di ajá mú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ nídìí ike, a jọ mí kanlẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé agolo òrí fún un.

Láti ìgbà náà, bí dókítà bá wá fi omi iyọ̀ fọ ojú kánúlà, tó bá wá fi ẹsẹ̀ kan wé èkejì bóyá ó wú, ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ gbóòórùn. Lọ́jọ́ kẹta, ajá jẹ ẹ̀kọ odindi. Dókítà yọ kánúlà, ó sì dá agolo mi padà.

Mo ṣí i nínú ọkọ̀. Ó jọ pé òrí náà ti dín kù lọ́wọ́ dókítà.