Kọ́bọ́ọ̀dù Onígíláàsì àti Tírélà Agolo

Kí ẹni tó dé fìlà ṣí i, kí ẹni tó wọ bàtà bọ́ ọ, nítorí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì la dé yìí. Òun ni kábíyèsí pálọ̀ wa ní àdúgbò Felele, ní Lokoja. Kì í rìn, kì í sọ̀rọ̀, síbẹ̀ òun ni àlejò máa ń kọ́kọ́ wò kó tó kí onílé. Láti Gadumo títí dé Crusher, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò bá ní irú ẹ̀, ẹ bi í bóyá lóòótọ́ ló ń gbowó oṣù. Inú ẹ̀ ni àwọn ife tí wọ́n fi wúrà kun etí wọn wà, tí ẹnikẹ́ni ò fi mu omi rí. Àlejò pàtàkì la tọ́jú wọn dè, àlejò náà ò sì tíì dé láti ọjọ́ tí a ti kọ́lé. Inú ẹ̀ náà ni òdòdó oníke wà, tí ìyàwó mi ń nù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìlú ṣọ́.

Àárín gbùngbùn ibẹ̀ ni ọmọláńgidi kan jókòó sí, nínú páálí tó bá a wá láti òkè òkun. Ọmọbìnrin wa ló fi ránṣẹ́ sí ọmọ tirẹ̀, tó fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wa nígbà tó ń lọ wáṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ó pé márùn-ún, kò sì tíì fọwọ́ kan ọmọláńgidi náà rí.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pọ̀n ọ́n díẹ̀."

"Wàá bà á jẹ́. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó."

"Òun náà ń wò mí."

"Ẹ máa wo ara yín."

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọgbà ẹ̀wọ̀n tó mọ́ jù lọ ní Lokoja wà ní pálọ̀ wa. Ó ní, "Bàbá, àwòrán ta ló wà lókè yẹn, tó wọ gáùn yunifásítì, tó ṣe ẹnu ṣùùrù?" Mo ní ìtàn nìyẹn, kì í ṣe fáàrí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ni mo bá pinnu pé màá bá ọmọ yìí ṣe ohun ìṣeré tí ẹnikẹ́ni ò ní rí tì mọ́lé. Agolo sadíìnì la fi ṣe ara ọkọ̀. Sílípáásì ìyàwó mi tó ti jẹ tán la gé fi ṣe táyà, wáyà kẹ̀kẹ́ la sì fi so wọ́n pọ̀. A gbé e kalẹ̀, a fà á.

"Bàbá, kò rìn. Ó ń tiro."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni."

"Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Ebira kan láti ilé kejì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu máńgòrò. "Baba, dis taya no round," ló wí, bí ọ̀gá mẹkáníìkì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ìdérí ìgò lé orí sílípáásì, ó fi èédú yí i ká, ó ní kí n gé e níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa ìdàgbàsókè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló jẹ́ kí táyà mi yí.

Tírélà ni àwọn méjèèjì sọ ọ́, bí èyí tó ń kọjá lójú ọ̀nà Abuja. Wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á fi okùn fà á kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á máa fi ẹnu fọn fèrè. Mo máa ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ràn.

Kò pẹ́ tí físà ọmọ náà fi jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ bá ìyá rẹ̀, ìyàwó mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọláńgidi fún un. Ọmọ náà gbà á, ó wò ó díẹ̀, ó ní, "Tírélà mi ńkọ́?" Ìyàwó mi yíjú sí ògiri.

Mo ní etí agolo mú, àwọn ará pápákọ̀ òfuurufú ò ní gbà á.

"Ẹ fún ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má fi sínú ibẹ̀ yẹn o." Ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Èmi? Ṣé mo jọ ẹni tó ń ti nǹkan mọ́lé?"

"Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí.

Ilé wá dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ fíríìjì láti inú yàrá mi. Àyè ọmọláńgidi ṣófo láàárín gíláàsì, ìyàwó mi ò fi kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́, kò sì nu ohunkóhun mọ́ ní Sátidé. Ní ọjọ́ kan, mo gbé tírélà síbẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀. Mo ní títí di ọ̀la ni. Ìyàwó mi rí i, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró rẹ̀, ó fún mi.

Ọmọ náà bi mí lórí fóònù bóyá mo ti fún ọ̀rẹ́ òun. Mo ní ó wà lọ́wọ́ rere. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Ní báyìí tí a ń rí ara wa lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kí mi, á sì ti yíjú síbòmíràn kí n tó dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Ebira yẹn wọlé wá kí wa. Ó rí tírélà, ó fi imú kan gíláàsì.

"Baba, ṣé kò rìn mọ́ ni?"

"Ó ń rìn."

"Ẹ jẹ́ kí n fà á."

Mo sọ fún un pé ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Ó wò mí, ó wo àwòrán mi lókè, ó jáde. Mo mú aṣọ, mo nu ibi tí imú rẹ̀ kàn lára gíláàsì. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi. Èmi náà ti di ẹni tó ń ti nǹkan mọ́lé.