Àbúrò Tí Kò Kí Mi Mọ́ ní Deira

Tí ẹ bá fẹ́ rí ìjà mi, ẹ má kí mi. Mo lè fara da ebi, mo lè fara da oòrùn Dubai, ṣùgbọ́n kí àbúrò mi gba iwájú mi kọjá láìkúnlẹ̀, ká má rí i!

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Èmi ni mo mú ọ̀rẹ́ mi kan, obìnrin bíi tèmi tí mo mú bí àbúrò, wá sí Dubai, mo sì fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Àwa méjèèjì ń ra aṣọ ṣáàdà ní Deira, àdúgbò àwọn ọlọ́jà ní Dubai, a ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, a sì jọ gbé yàrá kan ní Sharjah, ìlú tó wà nítòsí, kó tó kó lọ sí Al Mamzar. Tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó ti máa rí mi tí orúnkún rẹ̀ kò ní kanlẹ̀. Àfi bó ṣe di pé ó ń kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná. Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní bóyá ó ń ronú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo pòṣé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti sọ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Deira pé owó ti ń gùn ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù ará Íńdíà tí àwa méjèèjì ti ń rajà. Mo lọ dúró síwájú rẹ̀ gangan.

“Ìwọ! Kí ni mo ṣe fún ọ? Ṣé o ò rí mi ni?”

Ó na ọwọ́, ó fi kan èjìká mi, ó sì kúnlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni, mi ò rí yín.”

Ó fà mí jáde. Kátárààtì, àìsàn tó máa ń mú kí ẹyinjú ṣú, ló bò ó lójú méjèèjì, ó ní bí èéfín ni gbogbo nǹkan rí. Ọwọ́ ló fi ń mọ ṣáàdà tó dáa. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí àwọn oníṣọ́ọ̀bù bá gbọ́, èyí tó lábàwọ́n ni wọn ó máa dì fún un. Dókítà kan ní Sharjah ti ní òun lè ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Tí iṣẹ́ abẹ náà bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹni tí wọ́n máa fà lọ́wọ́ wọ bàálù lọ sílé ni òun máa dà?

Ojú tì mí. Mo sunkún lójú títì, èmi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́ káàkiri.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ara mi di dókítà. “Kò ní dùn ọ́. Èyí tó ṣú nínú ẹyinjú yẹn ni wọ́n máa yọ, wọ́n á fi dígí tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀. Kí ló ń já ọ láyà bí ọmọdé?” Bí ẹni pé wọ́n ti ṣe é fún mi rí! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà kí wọ́n ṣe ojú kan.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo jókòó síta, mo ń gbàdúrà. Kí n tó mu tíì tí wọ́n fún mi tán, dókítà ti jáde. “Khalas, mama.” Ó ti parí kẹ̀? Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣí báńdéèjì. Ó wo ògiri, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wá wò mí, ó bú sẹ́kún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti sanra o!”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Inú mi dùn débi pé mi ò bínú.

Lẹ́yìn oṣù kan, a padà lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kó ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sára ògiri. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, níbi tí wọ́n ti tóbi, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àfi ìdọ̀tí eṣinṣin, síbẹ̀ ó ṣì ń kà á lọ. Inú bí mi.

“Ṣíọ̀! Má parọ́ fún dókítà. Ibi tí ojú rẹ bá dé ni kó o sọ!”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi. “Mama, kí lẹ rí ní ìlà yẹn?”

Mo fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí eṣinṣin yẹn nìkan ni ojú mi rí, mi ò mọ lẹ́tà tí màá pè. Àbúrò mi dìde lórí àga aláìsàn, ó rọra fi mí jókòó síbẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú títí dókítà fi tan iná sí mi lójú.