Iná Ń Ṣẹ́jú Nígbà tí Màmá Dé Ibi Odò

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Jámánì ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n má baà máa dá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó lọ sílùú òyìnbó, tó fi èmi àti ìyá wa nìkan sílẹ̀ nínú ilé bàbá wa l'Ọ́wọ̀, òun náà ló mọ̀ pé mo dá wà, oògùn tó sì rí fún un ni ẹ̀rọ orí tábìlì tí ẹlòmíràn ti lò gbó, tó fi aṣọ ìnura wé sínú páálí.

Kò fi ìwé ìtọ́nisọ́nà kankan sí i. Èdè Jámánì sì ni gbogbo ohun tó ń hàn lójú rẹ̀. Mo lọ sí yunifásítì, ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ Jámánì. Ibi tó yẹ kí Z wà lórí àtẹ bọ́tìnnì, Y ló jókòó síbẹ̀. Z sì ti lọ gba ipò Y. Bọ́tìnnì tí gbogbo ayé ń pè ní Kọ́ńtíróòlù, "Strg" ni wọ́n kọ sí tèmi.

Mo gbé ẹjọ́ mi lọ bá ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí ọjà.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rárá. Àbùjá ni kí ẹ kọ́."

Ó kọ́ mi lóòótọ́. Kọ́ńtíróòlù pẹ̀lú C, ọ̀rọ̀ ti ní ẹ̀dà. Pẹ̀lú V, ẹ̀dà náà ti lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Pẹ̀lú A, yóò mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Tí ẹ bá ṣàṣìṣe, lẹ́tà ìsàlẹ̀ tó kángun sápá òsì ni kí ẹ tẹ̀ mọ́ Kọ́ńtíróòlù, á dá a padà bó ṣe wà." Mo délé, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe mi kò lọ, ó di méjì. Ibi tí bọ́tìnnì wà ló fi kọ́ mi, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, Y sì ni mo ń tẹ̀ dípò Z.

Ní ti àmì ohùn, nọ́ńbà ló kọ fún mi. N óò di bọ́tìnnì Alt mú, n óò tẹ 0243 lápá ibi tí nọ́ńbà wà, ó yóò jáde. 0242, ò ni. 0225, á ni. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Mo bi í nípa àmì abẹ́ lẹ́tà.

"Ìyẹn kò sí, Tíṣà. Báírò lẹ máa fi fi í sí i tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde tán."

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà rántí àmì tótó méjì tí ará Jámánì ń fi sórí lẹ́tà tirẹ̀, wọ́n fún un ní bọ́tìnnì tirẹ̀ gan-an. Tiwa, báírò.

Àbùjá tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ pamọ́, kò kọ́ mi. Máòsì ni òun fi ń ṣe é, ohun kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ tì kiri lórí tábìlì yẹn, kò sì sí ìṣòro fún un nítorí pé ó lè ka àkọlé tirẹ̀. Èmi ní láti máa ka ìlà tí n kò gbọ́ èdè rẹ̀, kí n máa méfò èwo ni "pa á mọ́" nínú wọn. Torí náà, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni mo máa ń pa á mọ́.

Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ìdí rẹ̀ ni mo wà. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń lọ bá ọkọ àtọmọ. Nínú ilé tiwa, ìró bọ́tìnnì ni, àti ìró ẹ̀gúsí tí Màmá ń bó sínú àwo lẹ́yìn mi.

"Ṣé ọkọ tí àbúrò rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ kò ní jẹun lónìí?" ó máa ń ní. "Látàárọ̀ ló ti ń wò ọ́ láìfọhùn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò ṣàwàdà. Ó ní, "Ohun tí o bá kọ sínú nǹkan yìí, ṣé kì í parẹ́?"

"Kì í parẹ́, mà."

"Ó dáa. Kọ tèmi."

Mo mọ̀ pé ó bí ọmọ méjì ṣáájú mi, tí wọ́n kú ní kékeré. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ kékeré sí. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé e lọ, wọn kì í sì í júwe ibẹ̀ fún ìyá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti wádìí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Màmá kó tó kú. Màmá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ibẹ̀. Oko wa ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni. Bí a bá kọjá kòkó bàbá mi, a óò gbọ́ odò. Mo ń wá ò ti odò. Mo di Alt mú, mo wo ògiri, 0242. Kí ò tó jáde, Màmá ti la odò kọjá, ó ti dé ìdí igi kan. Mo sáré tẹ̀lé e. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò wojú mi. Ọwọ́ mi ló ń gbọ́ ọ. Etí mi ń ka nọ́ńbà.

Gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

"Iná!" Màmá ju àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú báyìí ló jó fíríìjì wa àti rédíò bàbá mi. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń sáré lọ fa suwíìṣì ńlá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wálẹ̀. N kò tíì la ẹnu tí mo fi gbọ́ kà! Ojú ẹ̀rọ ṣú.

"Mo gbà á là," ó ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kò jó, àbí?"

"Kò jó, mà."

"Ọ̀rọ̀ mi ńkọ́? Ṣé ó wà nínú rẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ni.

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Ó tán. N kò tún ní sọ ọ́ mọ́. Ó ti kúrò lára mi."

Iná dé, mo tan ẹ̀rọ, kò sí ọ̀rọ̀ Màmá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fọgbọ́n bi í: "Màmá, igi tí ẹ wí níjọ́sí yẹn…" Á ní, "Lọ wò ó nínú ẹ̀rọ rẹ." Ó ń sùn dáadáa nígbà náà. Ta ni yóò lọ gbé irú ẹrù yẹn padà rù ú?

Mo lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà jà.

"Há, Tíṣà! Kọ́ńtíróòlù àti S nìkan ni. Mo rò pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Màmá kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi wá sin ín. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń ka Jámánì bí ẹni ń ka orin ìjọ, ló bá rí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Sístà, kí lẹ ń fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì rẹ̀ ló wà níbí yìí! Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá tẹ lẹ́tà, àmì á gorí rẹ̀ fúnra rẹ̀." Ó fi hàn mí: ó, ò, á, à, bí ẹni ń da ẹ̀pà sẹ́nu.

Bọ́tìnnì kan. Odò ì bá wà nínú etí mi, àti igi náà.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀."

Nígbà náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ méjì tó kú yẹn fún un. Kò mọ̀ pé wọ́n wà rí. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kó tó padà, a gun ọ̀kadà lọ sí oko. A kọjá kòkó. A gbọ́ odò, a la á kọjá. Igi pọ̀ níwájú wa.

"Ọ̀tún ni àbí òsì?" ó bi mí.

Mo ń wò láti ìdí igi kan dé òmíràn.

"Sístà, ẹ rántí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gba ọ̀tún, mo gba òsì. A ń pe ara wa láàárín igi títí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo dúró. Ó lè jẹ́ pé orí àwọn ọmọ náà ni mo dúró sí, n kò mọ̀.

Ó ti padà sí Jámánì. Bí mo ti ń kọ èyí, ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Strg àti S. Iná tún ti ń ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó ń sáré lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.