Aago Tí A Yàn fún Bàbá

Ọdún tí òòyì kọ́ Bàbá láàárín ebè iṣu rẹ̀ ní Idigny ni ọ̀rọ̀ aago bẹ̀rẹ̀ nínú ìdílé wa. Kì í ṣe ìṣubú ńlá. Ó ní ojú òun ṣú, òun jókòó sórí ebè díẹ̀, òun sì dìde. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé agboolé kan náà, kò gbà fún un. Ó pe alálùpùpù kan, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, di ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó sì pè mí lórí fóònù.

"Tánsíọ̀n Bàbá yín ga, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru," ó ní. "Méjìdínlógún lórí mọ́kànlá, dípò méjìlá lórí mẹ́jọ. Oògùn ni wọn yóò máa lò lójoojúmọ́, kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá yìí, kí ẹnì kan nínú yín máa wá wọ̀n ọ́n fún wọn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀."

Ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Kùtọnu, èmi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kétu. Màmá wa ti kú. Láti Kétu dé Idigny kò jìn. Bí ènìyàn bá gun alùpùpù láàárọ̀, yóò débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀nà ló dí wa lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú àbá wá. "Aago kan wà báyìí," ó ní, "tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, tó ń ka tánsíọ̀n, tó ń ka oorun pàápàá. Bí Bàbá bá ti wọ̀ ọ́, a ò ní máa da ara wa láàmù mọ́ lórí ta ni yóò lọ. Ìwọ lo mòye irú nǹkan báyìí. Yàn án, èmi á rà á."

Inú mi dùn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yan aago. Bí àwọn ọmọ bá ti kúrò nílé ìwé, mo máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde wa, mà á máa wo àwòrán aago lórí fóònù bí ìyàwó ojú ọ̀nà ṣe ń wo aṣọ. Èwo ni iná rẹ̀ ń pẹ́, nítorí iná ìjọba kì í dúró ní Idigny? Èwo ni kò bẹ̀rù òjò àti òógùn? Èwo ni nọ́ńbà rẹ̀ tóbi tó fún ojú àgbàlagbà? Bàbá kò lọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà dáadáa. Lórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àgbàdo ló ti kọ́ ọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí a lè má gbóhùn ara wa fún oṣù kan, wá di ẹni tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́, mà á fi tèmi ránṣẹ́ padà, a ó máa rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo rẹ̀, a kò bi Bàbá léèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó fẹ́ aago.

Méjì ló kù nígbẹ̀yìn. Ọ̀kan sọ pé òun lè ka ìlùkìkì ọkàn àti ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá rìn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé kì í ka tánsíọ̀n. Èkejì ní òun mọ gbogbo rẹ̀ tán: tánsíọ̀n, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ooru ara. Àwòrán bàbá arúgbó kan wà lára páálí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé àwòrán méjèèjì lọ fún nọ́ọ̀sì ní Idigny. Mo rò pé yóò yìn mí. Ó wò wọ́n, ó dá fóònù mi padà.

"Màdáámù olùkọ́," ó ní, "èyí àkọ́kọ́ kò purọ́. Ó sọ ohun tí kò lè ṣe. Èyí kejì yìí, ẹ má fi ọkàn tán an. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí tánsíọ̀n rẹ̀ fẹ́ pa á, tí aago ń sọ pé ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ̀rọ apá ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa wá."

"Kí ẹ sì máa wá" yẹn ló dùn mí. Mo gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Olùkọ́ ni mí. Kò mọ́ mi lára kí ẹlòmíràn máa kọ́ mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè lọ́jọ́ kejì, tó bi mí pé, "Kí ni nọ́ọ̀sì wí nípa aago?", mo dá a lóhùn pé, "Ó ní èyí tó ń ka tánsíọ̀n yẹn dára."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹnu mi kò gbọ̀n. Àwa méjèèjì la yan òpùrọ́ nítorí pé òun ló ṣèlérí jù, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òpùrọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló gbé e wá láti Kùtọnu. A so ó mọ́ ọwọ́ òsì Bàbá. Bàbá ń yí ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn, ó ń wo nǹkan dúdú tó ń tàn lórí rẹ̀.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" ó bèèrè.

"Ó ń bá wa wo ara yín, Bàbá," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

"Ẹ̀yin fúnra yín kò lójú ni?"

A rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí tiwa.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n lò. Láràárọ̀, kó tó lọ sóko, yóò tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, yóò dúró kí nọ́ńbà jáde, yóò wá pè mí. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ní mo jọ, nítorí náà "Ìyá mi" ló ń pè mí láti kékeré. "Ìyá mi, ó ní méjìlá lórí mẹ́jọ." Lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ ìtàn: ewúrẹ́ tó jẹ èbù iṣu, òjò tó ṣú tí kò rọ̀, àgbàdo tó ti ń yọ irun. Mo gbọ́ ìtàn wọ̀nyẹn fún bí oṣù kan. Nígbà tó yá, mo ń sọ pé, "Bàbá, àwọn ọmọ ti tò o, mo fẹ́ wọ kíláàsì." Bàbá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà náà, bó bá ti sọ nọ́ńbà, tí mo ní "Ó dára, Bàbá," ó ti pa fóònù rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé gbogbo ni mo máa ń lọ sí Idigny tẹ́lẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ó wá di ìgbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi. Kí ni mo ń wá lọ? Aago wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní oògùn òun ti tán. "Ṣé kí n lọ gba òmíràn lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì?"

"Kí ni aago wí?"

"Méjìlá lórí mẹ́jọ náà ni."

"Ẹ jẹ́ ká dúró wò ná, Bàbá."

N kò sọ pé kó má lò ó mọ́. Mo sọ pé ká dúró. Mo ti fi ọ̀rọ̀ méjì yẹn wé ara wọn títí, n kò tíì rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ìgbà ọyẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Mo dúró níwájú pátákó, mo ń kọ ìṣirò fún àwọn ọmọ, nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá ni. Ó ti pè lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í sì í pè lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá mi, orí mi wúwo. Ọwọ́ òsì mi yìí, ó ń ṣe mí bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni."

"Kí ni aago wí, Bàbá?"

Ó tẹ̀ ẹ́. "Méjìlá lórí mẹ́jọ."

"Ó rẹ̀ yín ni. Ẹ jókòó sábẹ́ ibòji, kí ẹ mu omi. Mà á wá lọ́jọ́ Sátidé."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Aago mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ."

Mo padà sídìí ìṣirò mi. Òun kò jókòó sábẹ́ ibòji kankan. Nígbà tí aago ti sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe é, oko ló lọ.

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a lóko, tó bá a nílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí n tó dé Idigny, wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ojú mi ló ṣe di ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lẹ́ẹ̀kan sí i: méjìlélógún lórí mẹ́tàlá. Aago wà lọ́wọ́ kejì, ó ń tàn. Nọ́ọ̀sì tú u, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ì bá kúkú bú mi. A wá ọkọ̀, a gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kétu. Kò kú. Ṣùgbọ́n apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi dé. Àwa méjèèjì lọ sí Idigny láti kó aṣọ Bàbá. Ó ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé aago kò lè parọ́, pé ó ní láti jẹ́ pé Bàbá kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo gbọ́ títí ó fi sú mi. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé níbi tí Bàbá ń to iṣu sí, mo yọ aago náà nínú àpò mi, mo so ó mọ́ iṣu kan, mo tẹ̀ ẹ́. A dúró. Nọ́ńbà jáde. Ọkàn iṣu ń lù dáadáa. Tánsíọ̀n iṣu jẹ́ méjìlá lórí mẹ́jọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó pẹ́. Mo rò pé yóò sunkún. Ó yíjú sí mi.

"O sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì ní ó dára."

Ààyè là sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ láti sọ òtítọ́. Mo rí ààyè náà kedere bí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló wí," mo ní.

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bọ́ sọ́nà ilé ìwòsàn kékeré náà, èmi sì ń sáré tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n ń dúró. Lójú gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ti na ìka sí nọ́ọ̀sì.

"Ìwọ lo pa Bàbá mi lára! Ìwọ lo ní kí á ra ìranù yẹn! Ta ló gbé iṣẹ́ yìí fún ọ?"

Èmi ni nọ́ọ̀sì wò. Ó wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tí a fún láyè láti sọ̀rọ̀. Mo gbé ojú mi sílẹ̀, mo ń wo bàtà mi tí eruku pupa ti bò. Ọmọ kan ń sunkún lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i pé n kò ní sọ nǹkan kan, ó yí padà sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní. "Àwọn aláìsàn ń dúró dè mí." Ó wọlé, ó sì pe ẹni tó kàn.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan láti agboolé wa kò gbé ọmọ wọn lọ bá a mọ́. Wọ́n ní kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bú u títí di òní bó bá pè láti Kùtọnu, èmi sì máa ń sọ pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run," bíi pé onínúure ni mí.

Bàbá wà lọ́dọ̀ mi ní Kétu báyìí, nínú yàrá tí mo ń kó ìwé àwọn ọmọ sí tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ló ń ro oko rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti padà sí i lẹ́nu: omi, rárá, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì pè mí ní Ìyá mi. Mo ti ra ẹ̀rọ apá. Àwọn dókítà ní apá ọ̀tún tó ṣì lágbára ni kí n máa wọ̀n, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí i, tó gbé ẹ̀rọ náà, Bàbá á na apá ọ̀tún náà sí i. Bí èmi bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á fà á sábẹ́ aṣọ ìbora, á kọ ojú sí ògiri. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Apá òsì ni mo ń wọ̀n. Òun ni kò lè fà sẹ́yìn.