Kombi Seu Odair Lọ́jọ́ Ìdíje

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn yìí ní àdúgbò wa ní Santo Amaro: ọjọ́ tí olóògbé Odair Bragatto, tí à ń pè ní Seu Odair, fi Kombi, ọkọ̀ akérò kékeré rẹ̀, gbé aládùúgbò wa Dona Zenaide lọ sí pápá ìdíje ọkọ̀ ní Interlagos, tó sì gbé èèyàn mọ́kànlá tí kò mọ̀ rí kún un. Ọkọ̀ ojú irin wà. Òun ni ọ̀pọ̀ ará São Paulo ń wọ̀ lọ́jọ́ ìdíje. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Seu Odair fi wa bọ́ọ̀sì láti Santo Amaro dé Grajaú, lójú tirẹ̀, aládùúgbò tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin bú òun ni.

"Ojú irin? Níṣojú èmi Odair?"

"Bàbá, aago méjì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ o. Tatiane mi wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Aago méjìlá, ẹ ti jókòó pẹ̀sẹ̀."

Ọmọ kan ṣoṣo tí Dona Zenaide bí ni Tatiane. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ wà lára àwọn tó ń dúró létí ọ̀nà, tí wọ́n ń fi àsíá kìlọ̀ ewu fún àwọn awakọ̀ eré, ìyá rẹ̀ fi igbe ta pé iṣẹ́ ikú ni. Oṣù mẹ́jọ ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdíje ńlá tí Tatiane máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kù díẹ̀, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sílé. Bí Dona Zenaide kò bá dé, ọmọ náà á gbà pé ìyá òun ti kọ òun pátápátá.

Níbùdókọ̀ àkọ́kọ́, Seu Odair dúró. Ọkùnrin méjì wọlé.

"Bàbá, kí lẹ dúró fún?"

"Èèyàn ló dúró síbẹ̀ yẹn."

"Ṣé bọ́ọ̀sì lẹ wà ni?"

"Ṣé àwọn mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀sì ni? Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kì í gbọ́ràn. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò lè rí ibùdókọ̀ kó má tẹ bíréèkì. Nígbà tó gbé ìyàwó kan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló dúró lọ́nà, bàbá kan sì gbé àkàbà wọlé. Àkàbà náà wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn títí dòní.

Kì í sì í béèrè ọ̀nà. Nígbà tó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Campinas, ìlú tó wà lódìkejì pátápátá, Grajaú ló kọ́kọ́ lọ, tó wá padà. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ ọ̀nà gbogbo ayé.

Nígbà tó fi máa di aago kan, ọkọ̀ kún fọ́fọ́, ojú pópó sì dí pa.

"Abéèrè kì í ṣìnà, Bàbá. Ẹ béèrè ọ̀nà míì lọ́wọ́ ọlọ́pàá yẹn."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Òun ni kó wá bi mí."

Ni Dona Zenaide bá bú sẹ́kún. Obìnrin kan tó wọlé pẹ̀lú àpò ọsàn, Dona Cleusa, bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, Dona Zenaide sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ wá dákẹ́ látàárọ̀? Ẹ ò lè dé ẹnu géètì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé mi ni pápá yẹn wà. Orí òrùlé mi la ti ń wò ó. Bàbá, ẹ yà sọ́tùn-ún!"

Seu Odair wo ọ̀nà ọ̀tún náà bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sódò.

"Bọ́ọ̀sì kì í gba ibẹ̀."

"BÀBÁ!" Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló pariwo.

Ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú, ó sì yà. Nígbà tí wọ́n gun òrùlé Dona Cleusa, aago méjì ku ìṣẹ́jú méje. Tatiane rèé nísàlẹ̀, ó di àsíá mú. Dona Zenaide ju ọwọ́ títí apá fi ń ro ó. Ọmọ náà gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ó rí òun.

Oṣù tó kọjá ni Seu Odair kú. Níbi ìsìn ọjọ́ keje rẹ̀, kálukú ń sọ bó ṣe mú òun pẹ́ débi tó ń lọ, a sì ń rẹ́rìn-ín. Ni Tatiane bá dìde.

"Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kánkán mi ni ìjókòó tí mo ra fún Màmá wà. Ó ṣófo. Mo ní ó ti parí nìyẹn. Ìgbà tí mo gbójú sókè, mo rí Màmá lórí òrùlé, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan, àmọ́ mo rí ẹnu wọn. Orúkọ mi ni gbogbo wọn ń pè."

Ó nu ojú rẹ̀.

"Màmá nìkan ni mo pè. Bàbá Odair ló kó èèyàn wá bá mi. Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣeun gan-an ni."